Ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ìkọ́ni kan ní Ṣómólú: ohun tó yẹ kí olùkọ́ rà níbẹ̀, àti èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀ fún wọn

Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè bíi Bàrígà tàbí Mùṣin mọ̀ pé ohun èlò tó wà nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà ju bọ́ọ̀dù, ṣọ́ọ̀kì àti ohùn olùkọ́ lọ. Iná lè wà lónìí kó má sí lọ́la, ẹ̀rọ tó ń ṣe àdàkọ ìwé kì í kúrò ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà níbi tó bá tilẹ̀ wà, owó tí olùkọ́ sì fi ń ra kádíbọ́ọ̀dù, àpò ara rẹ̀ ló ti ń jáde. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ṣọ́ọ̀bù kan tó wà láàárín àwọn ilé-ìtẹ̀wé Ṣómólú, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ìkọ́ni tí kò nílò iná, tí kò nílò dátà, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọjà wọn ni mo ń lò fún kíláàsì kẹta tí mò ń kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ní pátákó orúkọ lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ bá dé Ṣómólú, ibi tí wọ́n ti ń ṣe síléètì ni kí ẹ béèrè.

Ẹni tó mọ Èkó dáadáa kò ní bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ Ṣómólú. Ojúkò iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni. Kàlẹ́ńdà ọdún tuntun, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó, páálí ọṣẹ, pósítà olóṣèlú nígbà ìdìbò, inú àdúgbò yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń jáde. Gbogbo ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gé etí rẹ̀ kó lè dọ́gba, etí tí ẹ̀rọ gé kúrò yìí sì máa ń pọ̀ débi pé àpò-àpò ni wọ́n ń kó o jáde ní ìrọ̀lẹ́. Bébà tó dára ni: òmíràn nípọn, òmíràn ń dán, funfun báláú sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí àwọn ilé-ìtẹ̀wé kà sí ìdọ̀tí yìí ni ṣọ́ọ̀bù tí mò ń wí fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá tó ni ín ti ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó yà sídìí èyí, ẹ̀rọ ìgébébà rẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà iṣẹ́ wọn kì í dúró nígbà tí iná bá lọ.

Síléètì wọn ni ọjà tó dára jù lọ níbẹ̀, òun ni mo sì máa pẹ́ lé lórí. Pláìwúùdù tínínrín ni, ó fẹ̀ tó ìwé ọmọ iléèwé tí a ṣí sílẹ̀, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà dúdú lójú méjèèjì, wọ́n sì ha etí rẹ̀ dán kó má baà gún ọmọ lọ́wọ́. Ojú kan wà lásán fún ìṣirò. Ojú kejì ní ìlà funfun tínínrín fún kíkọ lẹ́tà. Kì í ṣe ohun àjèjì láàárín wa. Ẹni tó bá ní bàbá tàbí ìyá àgbà tó wọ iléèwé nígbà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní 1955, kó béèrè lọ́wọ́ wọn bí síléètì ṣe rí. Ọmọ iléèwé kéwú náà kò tíì jọ̀wọ́ wàláà rẹ̀ títí di àkókò yìí: ó kọ háráfí sí i, ó kà á títí ó fi wọ̀ ọ́ lórí, ó fọ̀ ọ́ kúrò, ó tún òmíràn kọ. Mi ò tíì rí ẹni tó ní ọ̀nà yẹn kì í kọ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí síléètì ń ṣe nínú kíláàsì tó pọ̀. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ní ọmọ 35 ni kó wà lábẹ́ olùkọ́ kan ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn tèmi lé ní ọgọ́ta. Bí mo bá béèrè pé mẹ́fà lọ́nà méje jẹ́ mélòó, tí gbogbo kíláàsì sì pariwo pé méjìlélógójì, ariwo náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún mi, nítorí àwọn ọmọ mẹ́wàá tó mọ̀ ọ́n lè gbé ohùn fún àádọ́ta tó kàn ń la ẹnu. Bí mo bá sì ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n nawọ́ sókè, àwọn ọmọ márùn-ún kan náà ni yóò máa dáhùn láti Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí síléètì bá wà lọ́wọ́ oníkálukú, mo béèrè, mo dákẹ́ kí wọ́n kọ ọ́, mo ní "ó yá, ẹ gbé e sókè", ojú mi sì ká gbogbo yàrá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo rí ẹni tó kọ 42. Mo rí ẹni tó kọ 24. Mo rí ẹni tí kò kọ nǹkan kan, mo sì tún rí ẹni tó ń yọjú wo ti ẹnìkejì rẹ̀. Ẹni tó kọ 24 yẹn mọ ìṣirò. Bí a ṣe ń to nọ́ńbà ẹ̀wá síwájú nọ́ńbà ẹyọ ni kò tíì dá a lójú, ìdáhùn ẹnu kò sì lè fi ìyẹn hàn mí láéláé. Àǹfààní mìíràn wà tí n kò rò tẹ́lẹ̀: ọmọ tí ẹ̀rù máa ń bà láti kọ nǹkan sínú ìwé, nítorí pé bírò pupa olùkọ́ kì í parẹ́, kì í bẹ̀rù síléètì, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá ṣì í, kí òun nù ún lẹ́ẹ̀kan ló kù.

Nípa bí wọ́n ṣe ṣe é, ọ̀dà rẹ̀ ń mú ṣọ́ọ̀kì dáadáa, kì í yọ̀, kì í sì í dún lọ́nà tí eyín fi máa ń kan ènìyàn. Ṣùgbọ́n kí ọmọ kankan tó kọ nǹkan sí i, ẹ mú odidi ṣọ́ọ̀kì, ẹ dà á dùbúlẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kun gbogbo ojú síléètì náà títí yóò fi funfun, kí ẹ wá fi aṣọ gbígbẹ nù ún kúrò. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ bá kọ sí i yóò máa hàn fírífírí lábẹ́ èyí tó bá kọ tẹ̀lé e, bó ti wù kó nù ún tó. Àwọn tó ń tà á kì í sọ èyí fún oníbàárà, ó sì yẹ kí wọ́n máa sọ ọ́. Àléébù rẹ̀ tòótọ́ ni pé igun rẹ̀ máa ń là bí omi bá ń kàn án lemọ́lemọ́, nítorí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ra ni pláìwúùdù. Nítorí náà, kì í ṣe fóòmù tútù ni kí ọmọ máa fi nù ún. Ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ kan tó gbẹ ti tó iṣẹ́ náà ṣe, inú ìbọ̀sẹ̀ yẹn kan náà sì ni ọmọ lè kó ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sí.

Wọ́n tún ń bu ọ̀dà dúdú náà tà nínú agolo fún ẹni tó bá fẹ́ tún bọ́ọ̀dù kíláàsì rẹ̀ kùn, ó sì dára. Nígbà tiwa, èédú tí a gún pọ̀ mọ́ ewé ni a fi ń dú bọ́ọ̀dù ní ìparí sáà, àwọn mìíràn a sì tún fọ́ bátìrì tó ti kú láti yọ dúdú inú rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan dúdú inú bátìrì mọ́; kẹ́míkà manganese ló wà nínú rẹ̀, kò sì yẹ kí ọmọdé máa fa eruku rẹ̀ símú.

Káàdì ló tẹ̀lé síléètì. Wọ́n ń ta bébà tí ẹ̀rọ gé kù ní ìwọ̀n kílò, wọ́n á sì bá yín gé e sí ìwọ̀n tí ẹ bá fẹ́ láìgba owó mìíràn, bí ẹ bá lè dúró dè wọ́n. Mo ní kí wọ́n gé tèmi ní kéékèèké, mo kọ ohùn mẹ́ta èdè Yorùbá sí i: dò (ohùn ìsàlẹ̀) sára àwọn kan, re (ohùn àárín) sára àwọn kan, mí (ohùn òkè) sára àwọn tó kù. Mẹ́fà ni ọmọ kọ̀ọ̀kan gbà, méjì méjì, nítorí ọ̀rọ̀ bíi "bàtà" yóò gba dò méjì. Mo pe "ilé", wọ́n to re àti mí sórí tábìlì. Mo pe "ọ̀bẹ", wọ́n to dò àti re. Ọmọ tí kò tíì lè fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ nínú ìwé rẹ̀ lè ṣe eléyìí láìsí wàhálà, nítorí etí ló ń lò, etí rẹ̀ sì ti gbọ́ Yorùbá láti ìgbà tó ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Àmì tí yóò fi sórí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà wá di ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun kan ni kí ẹ sọ fún ẹni tó ń gé e: bébà tó ń dán kì í gba ṣọ́ọ̀kì àti pẹ́ńsùlù dáadáa, nítorí náà èyí tí kò dán ni kí ẹ ṣà.

Ọmọ ayò náà wà níbẹ̀, wọ́n dì í sínú ọ̀rá ní méjìdínláàádọ́ta, gẹ́gẹ́ bí iye tó ń wà nínú ọpọ́n: ilé méjìlá, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin. Ìyẹn nìkan ti tó fún iṣẹ́ ìsọdipúpọ̀ àti pínpín fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kí ni a ó ṣe bí a bá fẹ́ kó di ilé mẹ́jọ? Ọmọ á kó o jọ, á tún un pín, á rí i pé mẹ́fà mẹ́fà ló kàn wọ́n. Bí ó bá sì di ilé mẹ́wàá, á ku mẹ́jọ lọ́wọ́ rẹ̀, olùkọ́ kò sì nílò láti kọ ọ̀rọ̀ kankan sójú bọ́ọ̀dù kó tó mọ ohun tó ń jẹ́ ìṣẹ́kù. Kíka nọ́ńbà lédè wa náà kì í ṣe orin àkọ́sórí mọ́: kó ka ogún sílẹ̀, kó mú mẹ́rin kúrò, mẹ́rìndínlógún wà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ra ọpọ́n onígi tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ni, owó rẹ̀ ga, ọ̀kan kò sì lè kárí kíláàsì. Páálí ẹyin tó ń gba ọgbọ̀n ẹyin ní ìlà márùn-ún, ihò mẹ́fà mẹ́fà. Bí ẹ bá fi sísọ́ọ̀sì gé ìlà méjì kúrò, ọpọ́n ayò ti délẹ̀, páálí kan ṣoṣo á sì fún yín ní ọpọ́n méjì. Àwọn ìyá tó ń dín ẹyin lẹ́nu ọ̀nà iléèwé máa ń dá páálí náà nù ni. Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni mi ò gbà nímọ̀ràn láti ra ọmọ ayò, nítorí àwọn ọmọ ọjọ́ orí yẹn a máa ki nǹkan bọ imú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ èmi àti ṣọ́ọ̀bù náà kò ti wọ̀ ni ìdí àwòrán ògiri. Ti Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń tà kò yàtọ̀ sí èyí tó kún Ìdúmọ̀tà: ápù ló wà fún lẹ́tà àkọ́kọ́, ilé tí wọ́n fi yìnyín kọ́ ló sì wà fún I, bí ẹni pé ọmọ Bàrígà rí irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Ìyẹn ṣì ṣeé fara dà. Ti Yorùbá ló dùn mí. Lẹ́tà 25 ni álífábẹ́ẹ̀tì wa ní, kọ́ńsónáǹtì 18 àti fáwẹ̀lì 7. Lórí tiwọn, kò sí àmì ìsàlẹ̀ kankan, nítorí náà e, o àti s hàn lẹ́ẹ̀mejì méjì, gb kò sì sí níbẹ̀ rárá. Nígbà tí mo pe ọmọ Bàbá sí i, ó ní, "Àǹtí, kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi tò ó ni kò ní àmì yẹn." Mo dá a lóhùn pé bírò ní in. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣèlérí pé àwọn máa tún un ṣe, ṣùgbọ́n ìwé náà ṣì wà lára ògiri wọn nígbà tí mo kọ èyí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, nínú èyí tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn jókòó kọ ìwé tuntun fún un ní Yorùbá tó yè kooro. Ìwé tí kò mọ ìyàtọ̀ e sí ẹ kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ògiri tó wà lófo sàn ju èyí tó ń kọ́ ọmọ ní àṣìṣe lójoojúmọ́ lọ. Bí a bá tilẹ̀ yọ ti àṣìṣe kúrò, àwòrán ògiri kì í pẹ́ di ara ògiri: ọmọ tó wà lẹ́yìn kò rí i, ẹni tó wà níwájú ti rí i títí ojú rẹ̀ kò fi kà á sí mọ́. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá àti bírò tó nípọn yóò fún yín ní èyí tó péye, ẹ ó sì lè yí i padà bí iṣẹ́ bá yí padà.

Agogo páálí wọn wà ní agbede méjì. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà ọmọ lè yí ọwọ́ gígùn dé 6 kí ọwọ́ kúkúrú sì dúró gan-an lórí 3, nígbà tó jẹ́ pé nínú agogo gidi, ọwọ́ kúkúrú ti gbọ́dọ̀ rìn dé àárín 3 àti 4. Mo fi àbùkù yìí ṣe iṣẹ́: mo gbé e sókè bẹ́ẹ̀, mo bi wọ́n pé kí ló ṣe agogo yìí, àríyànjiyàn tó tẹ̀lé e sì kọ́ wọn ju àlàyé mi lọ. Píìnì tó di ọwọ́ náà mú kò lágbára. Bọ́tìnì àti òwú ni a ti fi rọ́pò tiwa. Ìwọ̀n omi oníke tí wọ́n ń tà kò pọn dandan, nítorí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ sẹ́ńtílítà 50, méjì jẹ́ lítà kan, kò sì sí ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n.

Wọ́n tún ní ìwé oníbátìrì tó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ bá tẹ àwòrán rẹ̀. Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, Bàbá fúnra rẹ̀ ló ní, "Tíṣà, ọmọ mélòó lẹ ní? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ti ọmọ kan nínú ilé nìyẹn." Oníṣọ́ọ̀bù tó lè lé owó padà báyìí ṣọ̀wọ́n ní Èkó. Èmi kì í bá ẹ̀rọ ṣọ̀tá. Láti 2019 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti bẹ̀rẹ̀ ètò EkoEXCEL ni tábúlẹ́ẹ̀tì ti ń wọ ọwọ́ àwọn olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, ó sì ń tọ́ olùkọ́ sọ́nà lórí ohun tí yóò kọ́ni. Àmọ́ ọwọ́ olùkọ́ ni ìyẹn wà. Ohun tí mò ń wá kiri ni ohun tí yóò wà lọ́wọ́ ọmọ, gbogbo wọn, lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan ẹni tó jókòó sí ìdí fèrèsé lẹ́yìn pátápátá, ìyẹn ni mo sì fi ń díwọ̀n gbogbo ọjà ibẹ̀.

Mi ò kọ iye owó síbí, nítorí owó pláìwúùdù àti ti ọ̀dà kì í dúró lójú kan, iye tí mo san lè ti di ìtàn kí ẹ tó ka èyí. Ohun tí mo lè sọ ni pé owó síléètì ọgọ́ta kò tó ti fóònù tuntun kan tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì máa ń dín in kù fún ẹni tó bá ra ti odidi kíláàsì. Wọ́n ń gba ìdajì owó ṣáájú. Àdéhùn ọjọ́ ni wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ṣẹ: bí wọ́n bá ní Ọjọ́bọ̀, ẹ fọkàn sí Àbámẹ́ta, pàápàá ní oṣù Ọ̀pẹ tí iṣẹ́ kàlẹ́ńdà bá ti gba gbogbo Ṣómólú kan, tí ẹni tó ń gé bébà kò sì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ ní òwúrọ̀. Ẹni tó bá bọ́ọ́lẹ̀ ní Fádéyì tàbí Onípáànù lójú ọ̀nà Ìkòròdú yóò rí kẹ̀kẹ́ Márúwá wọlé, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé ẹ ó gbé síléètì odidi kíláàsì lé ẹsẹ̀ padà nínú dáńfó láìsan owó ẹrù. Ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ, kọ́ńdọ́ kò sì ní wojú tíṣà. Kí wọ́n dì í ní ogún ogún, kí wọ́n sì fi páálí bo igun rẹ̀. Ẹ béèrè rìsíìtì kí wọ́n tó di ẹrù. Wọ́n ní in, àwọn fúnra wọn ló tẹ̀ ẹ́, àmọ́ wọn kì í kọ ọ́ fún ẹni tí kò béèrè, akápò ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ kò sì ní dá owó yín padà lórí ọ̀rọ̀ ẹnu.